Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ìdérí Táńkì

Ọkọ̀ alágbára ti pọ̀ ní ìgboro Ìfọ́n, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ọdún bá súnmọ́lé, tàbí bí ìnáwó òkú àgbà bá kó àwọn ọmọ ìlú bọ̀ láti Èkó, Àbújá àti ìdálẹ̀, ẹ ó rí Benz C300, BMW onítọ́bò, Acura àti Golf GTI tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo sí wọn, ẹ ó bá ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀: 91, 95 tàbí 98, pẹ̀lú àṣẹ pé epo premium ni kí wọ́n máa rọ. Ọkọ̀ yìí kan náà ni yóò yà sí ilé epo lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, níbi tó jẹ́ pé irú bẹntiróò kan ṣoṣo ló wà. Èyí tí wọ́n rọ fún ọlọ́kadà tó wà níwájú náà ni wọ́n ó rọ fún Benz.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ rọ epo á dúró níwájú ẹ̀rọ, á rí bọ́tìnnì mẹ́ta: 87, 89, àti 91 tàbí 93. Ní Ìlú Ọba, 95 ni epo gbogboogbò, èyí tó wọ́n jù ú lọ sì wà láàárín 97 sí 99. Ní Gánà tí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ GOIL ń ta èyí tí wọ́n pè ní Super XP 95. Àwa kò ní bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀. Ọjọ́ tí èèyàn wa bá ń ra ọkọ̀ ló ń yan epo, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ni yóò máa wá epo premium kiri lẹ́yìn náà, nínú ìgò kéékèèké tí àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀ ń tà.

Kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an? Nínú sílíńdà ẹ́ńjìnnì, píísítìnì á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á fún wọn pọ̀ sókè títí wọn yóò fi gbóná, pọ́lọ́ọ̀gì á wá ta iná sí wọn. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, iná náà kì í bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìdí pọ́lọ́ọ̀gì ló ti máa ń jó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri sílíńdà, tí á sì máa ti píísítìnì sísàlẹ̀ pẹ̀lú ipá tó dọ́gba. Ìjàǹbá dé nígbà tí epo tó kù ní igun, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bá gbóná débi pé ó dá gbiná fúnra rẹ̀. Agbára tó jáde níbẹ̀ á lu orí píísítìnì lójijì. Ohun tí ẹ ó gbọ́ nínú ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kan, bí ẹni ń mi òkúta wẹẹrẹ nínú agolo mílíìkì. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, etí píísítìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ojú rẹ̀ á di kóńkòkóńkò. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ wo tánganran funfun tó wà ní ìmú rẹ̀ dáadáa nínú oòrùn. Ẹ ó rí àwọn ẹ̀kán dúdú tín-íntìn-ìn-tín lára rẹ̀, àwọn mìíràn á sì máa dán. Èyí tó ń dán yẹn, ara píísítìnì ló ti wá: aluminiọ́ọ̀mù tó yọ́ ni.

Nọ́ńbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà ọ́kítéènì, ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ àti ooru tó, kó tó dá gbiná. Kò sọ nǹkan kan nípa bí epo ṣe mọ́ sí, kò sì sọ pé lítà kan ní agbára ju òmíràn lọ. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ń mú ọkọ̀ sáré. Rárá o. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an, tàbí tí tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀ tipátipá, ló ń sáré. Epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga kàn ń gbà á láyè ni. Bí ẹ bá rọ 98 sínú Corolla tí wọ́n ṣe fún epo gbogboogbò, kò ní fi ohunkóhun kún eré rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán irú èyí wò ní 2016, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo gbogboogbò kò jèrè nǹkan kan láti ara premium.

Bí wọ́n ṣe ń wọn nọ́ńbà yìí yẹ ní mímọ̀, torí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ẹ̀rọ onísílíńdà kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n lè yí bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ padà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi epo tí wọ́n ń yẹ̀ wò wé àdàpọ̀ èròjà méjì: ọ̀kan gbiná kíákíá, òun ni wọ́n fún ní òdo; èkejì lágídí, òun ni wọ́n fún ní 100. Bí wọ́n bá yí ẹ̀rọ náà ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, èsì tó jáde ni wọ́n ń pè ní RON. Bí wọ́n bá yí i ní ìgbà 900, tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé sì gbóná sí i, èsì náà á relẹ̀, MON sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn Òyìnbó Yúróòpù àti àwa ń lo RON. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Ìdí nìyí tí 87 ti Amẹ́ríkà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 91 tàbí 92 tiwa, tí 91 tiwọn sì tó 95 tàbí 96 lórí òṣùwọ̀n RON. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó bá rí 91 lára Benz tó ti New Jersey wá, tó sì gbọ́ pé epo Nàìjíríà tó 91, á rò pé ọ̀rọ̀ ti bára mu. Kò bára mu rárá, torí òṣùwọ̀n méjì ni.

Ìlànà tó wà fún bẹntiróò ní Nàìjíríà gbà á láyè kó wà ní bíi 90 sí 91 RON. Epo gbogboogbò ni. Pé orúkọ rẹ̀ lórí ìwé jẹ́ Premium Motor Spirit, tí gbogbo ilé epo sì kọ PMS sára ẹ̀rọ, kò sọ ọ́ di premium tí àwọn tó ṣe BMW ní lọ́kàn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ti ń pèsè bẹntiróò nílẹ̀ wa. Síbẹ̀, irú kan ṣoṣo náà la ṣì ń rọ nílé epo.

Ó dáa, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ju ti epo wa lọ. Kí ni ká ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣí ìwé ọkọ̀ náà, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó fara jọra níbẹ̀: required àti recommended. Bí ó bá jẹ́ recommended ni wọ́n kọ, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ló máa jẹ́ kí ọkọ̀ náà fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn, àmọ́ èyí tó relẹ̀ kò ní bà á jẹ́. Àdánù rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Nígbà tí AAA dán irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní 2017, ìyàtọ̀ tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń jẹ epo jẹ́ 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá dá gbogbo wọn pọ̀, ti agbára sì jẹ́ 1.4. Cadillac Escalade ló jàǹfààní jù lọ nípa epo, pẹ̀lú 7.1. Onírecommended lè máa gbé Ìfọ́n, kó sì máa sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ required ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti yan epo tí kò sí ní gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tí Ìfọ́n wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là lójoojúmọ́ ni etí kékeré kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí àwọn rìwáyà ń pè ní nọ́kì sẹ́ńsọ̀. Bó bá ti gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yẹn, kódà kí etí èèyàn tó gbọ́ ọ, á ké sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á sì dá iná pọ́lọ́ọ̀gì dúró díẹ̀, tàbí kó dín afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé kù. Ẹ́ńjìnnì á bọ́, ṣùgbọ́n á wúwo lẹ́sẹ̀, á sì máa jẹ epo. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi máa ń sọ pé BMW òun kò sáré mọ́ láti ìgbà tó ti wọ Nàìjíríà. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti 1975 kò ní etí yìí. Mẹkáníìkì ló jẹ́ etí fún wọn: á dá ẹ́ńjìnnì ró, á tẹ́tí sí i, á fi ọwọ́ yí dìsìtíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi tutù. Lónìí, bí rìwáyà bá gé wáyà sẹ́ńsọ̀ náà nítorí kí iná ẹ́ńjìnnì lè kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti di ọkọ̀ náà létí. Ẹ má gbà fún un.

Ooru ni ọ̀tá tó kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé àwa fúnra wa ń ba ọkọ̀ wa jẹ́ jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbóná tó ni epo inú rẹ̀ á ṣe máa tètè dá gbiná tó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ni kì í rí tẹmọsítáàtì kí wọ́n má yọ ọ́ sọnù, tí wọ́n á sì da omi kànga lásán sínú rédíétọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó máa mu 95 ti ń mu 91, a tún wá ń dáná sí i nídìí. Ẹ dá tẹmọsítáàtì padà, ẹ rọ ojúlówó omi rédíétọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ èéfín tó ti di ẹ̀kán mọ́ orí píísítìnì, ẹ sì ra pọ́lọ́ọ̀gì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà fún irú ọkọ̀ yìí ní Ìfọ́n, mi ò mọ èyí tó ju ìwọ̀nyí lọ.

Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Ìgbà tí ewu pọ̀ jù ni oṣù Kejì sí Kẹta, nígbà tí oòrùn mú ganrín-ganrín, tí èèyàn márùn-ún wà nínú ọkọ̀, tí iṣu kún búùtù, tí A.C. ń ṣiṣẹ́, tí awakọ̀ sì tẹ ìtẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá lórí òkè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, ẹ rọ ẹsẹ̀, ẹ já gíà sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè yí kíákíá, ẹ pa A.C. títí ẹ ó fi gun òkè náà tán. Kò sí ìdí láti dúró. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n mọ èyí lórí, torí pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń páàkì láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní 26 oṣù Kọkànlá 2020, ní Elegbeka lójú ọ̀nà yẹn, ni àwọn agbébọn ti yìnbọn pa Olúfọ́n wa, Ọba Israel Adeusi, nígbà tí Kábíyèsí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ọkọ̀ tó lè dákú lọ́nà nítorí epo tàbí nítorí ooru kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé gba ibẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ìgò. Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń gbé ọ́kítéènì ga wà lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe ń polówó wọn. Bí ìgò bá ní òun á fi póìǹtì mẹ́wàá kún epo yín, lédè àwọn tó ń ṣe é, póìǹtì mẹ́wàá jẹ́ nọ́ńbà kan péré: láti 91 sí 92. Ọkọ̀ tó ń béèrè 95 ṣì wà níbi tó wà. Púpọ̀ nínú wọn ló ní èròjà irin tàbí mánganíìsì. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ẹni tó ń lò ó lemọ́lemọ́, ẹ ó rí i pé ó ti pọ́n rúsúrúsú. Ẹ̀kán pupa yẹn kì í jẹ́ kí iná tà dáadáa, á sì tún lọ dí kátálíìsì tó wà nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ní ti àwọn tó ń ju kánfọ̀ tàbí tó ń da tínà ọ̀dà sínú táńkì, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Rọ́bà inú páìpù epo ni yóò kọ́kọ́ jẹ gbèsè rẹ̀.

Àwọn àgbà mẹkáníìkì kan máa ń sọ pé epo ayé àtijọ́ lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ. Òjé ni wọ́n ń rántí. Ní 1921, Thomas Midgley tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà rí i pé bí wọ́n bá po èròjà òjé díẹ̀ mọ́ bẹntiróò, kì í dá gbiná mọ́. Ó wúlò fún ẹ́ńjìnnì, ó sì jẹ́ májèlé fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fẹnu kò ní Dakar ní oṣù Kẹfà 2001 láti yọ ọ́ kúrò, nígbà tí 2006 sì fi wọlé, wọ́n ti yọ ọ́. Kò sí ẹni tó ní làákàyè tó máa fẹ́ kó padà wá.

Ó ku ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ epo wa, kì í sì í ṣe ọ́kítéènì. Ní oṣù Kejì 2022, àjọ NMDPRA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo nílẹ̀ wa, kéde pé epo kan tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ti wọ ọjà. Ọkọ̀ bàjẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, ìlà ilé epo sì gùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ wò ó: ọ́kítéènì mẹ́tánọ́ọ̀lù ga ju ti bẹntiróò lọ dáadáa! Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan là ń wá, epo yẹn ni ìbá jẹ́ premium wa. Ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú lítà kan rẹ̀ kò ju bí ìdajì ti bẹntiróò lọ, ó ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ aluminiọ́ọ̀mù àti rọ́bà. Kẹrosíìnì tí àwọn aláìṣòótọ́ ń dà lú epo nínú kẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀gbẹ́ títì sì ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó ń fa ọ́kítéènì lulẹ̀, débi pé Corolla pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọn ọ́kítéènì nílé. Àdàlù ni a lè wá, owó kékeré ló sì ń gbà. Fún kẹrosíìnì, ẹ kán epo náà ẹ̀kán kan sórí bébà funfun tó mọ́. Bẹntiróò gidi á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì ní fi àmì sílẹ̀. Bí òróró bá ṣì ń hàn lára bébà lẹ́yìn tó yẹ kó ti gbẹ, ẹ má rọ epo yẹn. Fún mẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí irú ọtí mìíràn, ẹ wá ìgò gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ dọ́gba. Ẹ bu omi sí i tó ìka méjì, ẹ fi báírò sàmì sí ibi tí omi dé. Ẹ wá bu epo lé e títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ rọra ṣí i kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ sì gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi á padà sí ìsàlẹ̀. Bó bá dúró sí ojú àmì, ó dáa. Bó bá ti ga ju àmì lọ, ohun kan ti kúrò nínú epo wọnú omi: ọtí ni. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí. Ẹ má sì rọ epo nílé epo tí táńkà ti ń já ẹrù lọ́wọ́, nítorí ìdọ̀tí àti omi tó wà nísàlẹ̀ táńkì ilẹ̀ ti rú sókè nígbà yẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra ọkọ̀ alágbára, tó sì fẹ́ máa gbé e nílé, ọ̀nà kan wà tí mo fọwọ́ sí. Kí ó jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò fún 91 RON. Àwọn tó ń ṣe é wà ní Èkó. Agbára díẹ̀ á lọ, ìyókù á sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láìséwu. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó lọ ra èyí tí Amẹ́ríkà kọ 87 sí lára. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti lé ní ₦1,000 nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024. Kò yẹ kí èèyàn máa san irú owó bẹ́ẹ̀ fún agbára tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè lò.

Ìjọba náà ní ohun tí yóò ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló fi dandan lé e pé kí nọ́ńbà ọ́kítéènì wà lára ẹ̀rọ epo kí gbogbo ẹni tó ń rà á lè rí i. Lára tiwa, lítà àti náírà nìkan ni nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ọ́kítéènì wà lára ohun tí ìlànà wa ní kí wọ́n ṣe fún epo kó tó wọ ọjà, èsì rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Mo ń béèrè lọ́wọ́ àjọ NMDPRA pé kí wọ́n gbé e jáde láti inú ìwé yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀rọ ní gbogbo ilé epo, bẹ̀rẹ̀ láti èbúté títí dé Ìfọ́n.